Afúnnimí Kò Mọ Orúkọ Ẹnikẹ́ni

Afúnnimí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìkúnlẹ̀ ló mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìlú Ìtẹ̀dó sínú àpáta òṣùpá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ kí Afúnnimí, ẹ̀rọ tó ń pín afẹ́fẹ́ fún ìlú, máa fi nọ́ńbà àṣírí dá ọ̀gá mọ̀. Àwọn àgbà fárígá. Wọ́n ní, “Ohun tí kò mọ àgbà, ṣé òun la ó fi èémí wa lé lọ́wọ́?” Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tí òṣìṣẹ́ bá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún lójú rẹ̀, ẹni náà nìkan ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu.

“Ìbíyẹmí, a ò lè lé bàbá yìí lẹ́nu iṣẹ́,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́látitó, olórí àwọn òṣìṣẹ́, wí. “Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Ìwọ ni wàá máa ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀.”

“Bàbá Òjélàdé ló kọ́ mi níṣẹ́, sà.”

“Mo mọ̀. Máa kí i lóòró.”

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan bàbá náà ni pé ó ń darí afẹ́fẹ́ ìlú lọ sí ilé ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Kò jiyàn. Afẹ́fẹ́ Ìtẹ̀dó kò sì ní àlékún. Bí ẹnì kan bá gbà sí i, ti ẹlòmíràn ni yóò dínkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìbíyẹmí níwájú ẹ̀rọ náà, kí ó lè mọ̀ ọ́n ní ọ̀gá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Òjélàdé wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu.

“Ẹ káàárọ̀, sà,” ni Ìbíyẹmí wí lóòró.

“Ọ̀gá mi, káàárọ̀ o. Ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n máa wo ògiri?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.”

Ohùn bàbá rọ̀. “Màmá rẹ ò sùn. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ń jẹun dáadáa?”

Ìyàwó bàbá yìí ló gba Ìbíyẹmí sílé nígbà tó kọ́kọ́ ti ayé dé. Kí Ìbíyẹmí tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.”

Lórí ògiri, ojú ẹ̀rọ náà kúrò lára rẹ̀, ó yí sí bàbá. Bàbá rí i.

“Afúnnimí, dín ti ilé ọmọ-ọwọ́ kù. Gbé e lọ sí ilé mi.”

“Mo ti gbọ́, ọ̀gá.”

“Afúnnimí, dá a padà!” ni Ìbíyẹmí ké. Ojú ẹ̀rọ kò kúrò lára bàbá.

Nínú dígí tó ń fi ilé ọmọ-ọwọ́ hàn, àwọn ọmọ ti ń la ẹnu bí ẹja. Olùtọ́jú wọn ń lu ilẹ̀kùn. “Ẹ gbà wá o! Àwọn ọmọ ń dákú!”

“Bàbá, ẹ dá a padà!”

“Jẹ́ kí màmá rẹ mí díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Díẹ̀ péré.”

Ìbíyẹmí fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó rántí, ó sì fa ara rẹ̀ ró. Ó nawọ́ sí dígí. “Ọmọ Tinúadé nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ.”

Bàbá wò ó. Lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ọmọbìnrin tó kọ́ níṣẹ́.

“Ìwọ ni kó o sọ ọ́,” ni ó wí, ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀. “Mi ò lè fẹnu ara mi pa màmá rẹ.”

Ojú ẹ̀rọ yí padà sí Ìbíyẹmí.

“Afúnnimí, dá afẹ́fẹ́ àwọn ọmọ padà.”

“Mo ti gbọ́, ọ̀gá.”

Ẹkún àwọn ọmọ gba inú dígí kan. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìyàwó Bàbá Òjélàdé ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wá síbi iṣẹ́, nítorí kò sẹ́lòmíràn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìdé fìlà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ Ìbíyẹmí, wọ́n á na ọmọ tó bá dúró lóòró kí àgbà tó ń ṣọ̀fọ̀. Ojú ẹ̀rọ sì ń wo ọmọbìnrin náà.

“Ẹ kú ìrọ́jú, sà,” ni ó wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, kí orúnkún rẹ̀ má bàa tẹ̀.