Ìgò Fọ́málìn

Dókítà obìnrin kan, oníṣẹ́ abẹ, da gbogbo ẹran tí ó gé nínú ikùn ọmọ kan sínú ìgò fọ́málìn, omi olóró tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà. Ó rò pé jẹjẹrẹ ni.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò, gòkè wá bá a níbi tí ó ti ń fọwọ́.

"Ààyò mi, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni. Oògùn líle tí ọmọ yẹn ń lò fún àrùn ẹ̀jẹ̀ ti gba agbára lára rẹ̀, nǹkan náà ráyè wọ ìfun."

"Gbìn ín sínú àwo, ká lè mọ oògùn tó máa pa á."

"Kí n gbin kí ni? Fọ́málìn ti pa á. Ègé kan péré nínú omi iyọ̀ ni mo nílò."

Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò tún ikùn ọmọ náà là láti gé ègé mìíràn.

"Jẹ́ kí n lọ sọ fún ìyá rẹ̀."

"Mo ti sọ. Mo ní ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Ibo ni wọ́n tún fẹ́ rẹ̀ mí sílẹ̀ dé? Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo kúkú ń ṣiṣẹ́."

Inú dókítà dùn. Lẹ́yìn náà, ojú tì í pé inú òun dùn. Ó lọ bá ìyá ọmọ náà.

"Ìyá, irọ́ ni àfẹ́sọ́nà mi pa fún yín. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Obìnrin náà ń fi òwú tútù nu ètè ọmọ rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ fẹ́ràn ara yín títí ó fi dé orí ọmọ mi. Kí ọwọ́ ẹlòmíràn là á."

Ọ̀gá dókítà ni ó la ikùn náà. Ó gé ìfun tí ó ti bàjẹ́ kúrò, ègé kan wọ inú omi iyọ̀, wọ́n sì rí oògùn tí ó pa nǹkan náà. Ọmọ náà yè. Wọ́n lé àfẹ́sọ́nà dókítà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irọ́ tí ó pa.

Ìyá àfẹ́sọ́nà náà wá ká dókítà mọ́lé.

"Ọmọ mi fi orúkọ ara rẹ̀ bò ọ́ láṣìírí, ìwọ wá tú tiẹ̀ síta!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni—"

"Ọmọ tèmi ńkọ́?"



Nígbà tí ìyá náà lọ, dókítà bi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé, "Ṣé o ń bínú sí mi?"

"Gidi gan-an."

"Ṣé o ṣì máa fẹ́ mi?"

"Tí mi ò bá fẹ́ ọ, ta ni màá máa bínú sí?"

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá ọkọ kò wá. Títí di òní, "dókítà" ni ó ń pè é. Kò pè é ní ìyàwó rí.