Ẹ Padà Wá Lọ́la

Bámiṣayé Kọ́mọláfẹ́ kì í mutí, kì í lépa obìnrin. Akọ̀wé ìjọba ni ní Lọ́kọ́ja. Òtókítì ló ń gbé, ìjókòó kejì láti iwájú sì ni tirẹ̀ nínú ilé ìjọsìn. Síbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni.

Ní ọdún tí omi gba oko etí odò, òun ni wọ́n ní kó kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí ìjọba máa san owó ìrànwọ́ fún.

Bàbá Olúfúnṣọ́ fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ìsàlẹ̀ Gánájà. Ẹgbẹ̀rin ebè iṣu ni omi gbé lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Òkun o, ọmọ mi," ó kí i ní èdè ìlú wọn. "Mo wá kọ orúkọ."

Bámiṣayé kò gbójú sókè. "Bàbá, ẹ padà wá lọ́la."

Ó padà wá. Ọ̀la náà ni wọ́n tún dá fún un. Ní ìgbà kẹta, òjò ti pa á dé. Omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, bí ẹ bá dúró báyìí, ẹ ó hù bí iṣu o!" Bámiṣayé rẹ́rìn-ín, ó nu tábìlì. "Ó di ọ̀la."

Ikọ́ mú bàbá náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó kú.

Bámiṣayé mọ ohun tó ń fi àyè inú ìwé náà pamọ́ fún. Lára pósítà ìkéde òkú ló ti ń da orúkọ kọ, nítorí òkú kì í bèèrè owó. Ó ra fóònù kékeré fún orúkọ kọ̀ọ̀kan kí owó lè gba orí rẹ̀ wọlé, ó kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ó ti kọ mọ́kànlá. Nígbà tó rí àwòrán Bàbá Olúfúnṣọ́ lára ògiri, ó kọ ọ́ ṣe ìkejìlá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti ń jẹun, agolo náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó mú fóònù kan, ó kà á: "Olúfúnṣọ́, owó ìrànwọ́ yín ti dé. Ẹ kú iṣẹ́ oko."

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pa fóònù náà, síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ. Ní ọ́fíìsì, tábìlì rẹ̀ kò gbẹ mọ́ lójú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń nù ún.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń nù?" Christopher, òjíṣẹ́ ọ́fíìsì, ló bi í.

"Pásítọ̀ onígbàálẹ̀ tún dé. Lọ gbálẹ̀ ẹ."

"Mo ti gbá a, ọ̀gá. Mo wà níbí lọ́jọ́ tí òjò pa bàbá yẹn. Àkísà kò lè nu eléyìí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ẹ́ mọ́."

Bámiṣayé bú sẹ́kún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà ló kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ orúkọ méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Jésù gbà á ní wákàtí náà.

Ó dá gbogbo owó náà padà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Gánájà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àyọ̀ká, opó bàbá náà.

Ìyá wò ó títí. "Ìwọ ni ọmọ ọ́fíìsì? Ó ní o máa kọ òun lọ́la." Ó wọlé. Láti inú yàrá, ó ní, "Padà wá lọ́la."

Ọ̀la dé, ó padà lọ. Ó ṣì ń lọ.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ènìyàn lè dá ọ̀la fún ọ. Jésù kò dá ọ̀la fún Bámiṣayé. Ìwọ lo ń dá ọ̀la fún Un. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ báyìí, òjò sì ti pa Á. Bàbá Olúfúnṣọ́ wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wá lẹ́ẹ̀kẹrin. Gbójú sókè. Ṣílẹ̀kùn fún Un lónìí.