Wáyà Tí Gideon Fi So Gọ́fánọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, èrò kún ṣọ́ọ̀bù tí Gideon àti Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ ẹ̀wà àti ata n'Ígàndó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tò dé ẹnu títì. Gideon wo èrò, ó wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó bá mú wáyà kan, ó fi so irin kékeré tó wà níbi tí pẹ́tírólù ń gbà wọlé. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ohùn ẹ́ńjìnnì náà lọ sókè.

"Bàbá Jésùtóbi, kí lẹ so yẹn?" Ohunkóhun tó bá ń yí, Yẹ́misí á fẹ́ mọ ìdí ẹ̀.

"Gọ́fánọ̀ ni. Òun ni ò jẹ́ kó sáré."

"Kí ni wọ́n wá fi í síbẹ̀ fún?"

"Èmi ò mọ̀ o. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá jàre."

Yẹ́misí gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá. Iṣẹ́ sì yá lóòótọ́, àfi òórùn ọ́ìlì gbígbóná tó ń ta sí i nímú. Kò pẹ́ ni bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ ìlọta yọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò fa nǹkan kan mọ́ figbe ta, igbe náà sì ń ga sí i. Gideon bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè pa á. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì débẹ̀ tí nǹkan fi dún gbàù! Irin kan dá ara ẹ́ńjìnnì lu, ó fò jáde, ó sì ba Gideon ní ojúgun, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Yẹ́misí gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ bá Adéṣọlá, obìnrin kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe l'Ẹ́gbẹ̀dá, ó sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Mo mọ̀ pé ó ti kú, Àǹtí. Ẹ kàn ṣí i, kí n rí ohun tó ṣe ọkọ mi."

Adéṣọlá wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fa ẹ́ńjìnnì mìíràn tí wọ́n ti tú lórí sún mọ́ ọn. "Ẹ fọwọ́ yí i."

Yẹ́misí yí i. Irin roboto kan gòkè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Písítìn nìyẹn. Pẹ́tírólù àti afẹ́fẹ́ máa ń gbiná lórí ẹ̀, iná yẹn á tì í wálẹ̀, ọ̀pá abẹ́ ẹ̀ á sì yí irin ìsàlẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́, ó ń yí tó ìgbà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Ọgọ́ta! Ó sì ń dúró lókè àti nísàlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan?"

"Ọ̀pá yẹn ló ń dá a dúró, tó tún ń fà á padà. Tí eré ẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, wàhálà ọ̀pá á di ìlọ́po mẹ́rin."

"Mẹ́rin kẹ̀? Kì í ṣe méjì?"

"Mẹ́rin, màdáámú. Ọ́ìlì náà á gbóná, á ṣàn bí omi, irin á wá máa ha irin. Gọ́fánọ̀ ló máa ń dín pẹ́tírólù kù tí iṣẹ́ bá fúyẹ́. Ẹ ti so ó, bẹ́líìtì wá yọ. Kí ló kù tó lè dá a dúró? Ọ̀pá ẹ̀ ló ṣẹ́, òun ló fò jáde ba ọkọ yín."

Ó dun Yẹ́misí pé òun bi ọkọ òun ohun tí wọ́n fi gọ́fánọ̀ síbẹ̀ fún, òun sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Egungun Gideon ti so pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ má so gọ́fánọ̀, ẹ má yí i kúrò níbi tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ wo ọ́ìlì láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó tàn án. Ẹ fi irin bo bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ sì ní kí mẹkáníìkì fa súìṣì tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì jìnnà sí i. Tí ohùn ẹ̀ bá ṣàdédé ga, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀. Ẹ kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fi súìṣì yẹn pa á.