Ọwọ́ Tó Ń Da Omi Sí Iná

Ọ̀rẹ́ mi, bí ojú bá ń pọ́n ènìyàn, ẹni tí yóò dá lẹ́bi ló kọ́kọ́ máa ń wá. Mákánjúọlá tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ yìí rí ẹni tirẹ̀. Ìyá tó bí i ni.

Fèrèsé alumíníọ́mù ló ń ṣe ní Ajah. Òun, Fúnláyọ̀ ìyàwó rẹ̀, àti ìyá rẹ̀ arúgbó, Màmá Adéjọkẹ́, ni wọ́n jọ ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate. Kì í mutí, kì í jà. Ọjọ́ Ìsinmi kan kì í kọjá kí ó má wọ sùtánà funfun rẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé ìjọsìn. Ṣé kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti rí ìgbàlà? Kò tíì rí i. Ìran ló ń wá kiri, kò wá Olúwa tó ni ìran.

Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú aríran ìjọ rẹ̀. Aríran ní òun rí ọwọ́ kan tó ń da omi sí iná rẹ̀, inú ilé rẹ̀ sì ni ọwọ́ náà wà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ó lọ gbàdúrà, kí Ọlọ́run lè la ọ̀rọ̀ náà yé e.

Mákánjúọlá kò gbàdúrà kankan. Bó ṣe wọlé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, màmá rẹ̀ ló bá lẹ́yìnkùlé, ó ń bu omi pa èédú tó fi se ẹ̀wà. Ìwọ náà mọ̀ pé bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn a pa èédú, wọn a sá a sóòrùn, wọn a tún fi dáná lọ́jọ́ mìíràn. Màmá ti ń ṣe é kí ó tó bí ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n lójú Mákánjúọlá, ìran ti ṣẹ.

Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Fúnláyọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Èsì kan náà ló ń fún un: "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani." Kò pẹ́, ó kó ẹrù màmá sínú ọkọ̀, ó gbé e lọ sí ilé bàbá wọn tó ti dahoro ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Màmá kò bínú. Ohun tó béèrè ni pé ta ni yóò máa se ẹ̀wà fún ọmọ òun.

Ibẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ká a mọ́, òun nìkan. Ràhímátù, aládùúgbò kan, ló bá a nílẹ̀ tó sì pe Fúnláyọ̀. Nígbà tí Mákánjúọlá fi máa dé ilé ìwòsàn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Màmá lajú, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń tọrọ àforíjì; ìyá ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ẹnu kan ṣoṣo tó lè dárí jì í kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣe mí láàánú.

Wọ́n gbé màmá padà sí Ajah. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mákánjúọlá ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu nígbà tí Dúró, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ, wá kí wọn. Màmá fi ọwọ́ tó ṣì lè gbé gba ṣíbí náà, ó bu ẹ̀kọ, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ díẹ̀," ló rọra sọ. "Ebi ń pa yín."

Mákánjúọlá jẹ ẹ́, ó sì bú sẹ́kún. Ó sọ fún Dúró pé ọwọ́ òun gan-an ló ti ń da omi sí iná ilé náà, òun kò sì lè tún un ṣe mọ́.

"Òótọ́ ni, o ò lè tún un ṣe," Dúró dáhùn. "Màmá fún ẹ jẹ torí pé wọn ò mọ̀ ẹ́ mọ́. Jésù mọ̀ ẹ́. Ó mọ gbogbo ohun tó o ṣe sí wọn, ó ṣì ń na ọwọ́ sí ẹ. Gbà á."

Ibẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí. Kò béèrè ìran, kò béèrè iṣẹ́. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Kristi, ó sì fi ara rẹ̀ fún un.

Màmá kò tíì dá a mọ̀ títí di òní. Láràárọ̀ ni ọmọ ń sọ fún un pé òun ni Mákánjúọlá. Nígbà mìíràn màmá a ní, "Mo ní ọmọ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ oúnjẹ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún wọra. Mákánjúọlá a sì tún padà kúnlẹ̀ níwájú Ẹni tó ti dárí jì í.

Ìwọ tó ń ka ìwé pélébé yìí, ta lò ń dá lẹ́bi nínú ilé rẹ? Má ṣe dúró de ìran mìíràn. Jésù mọ̀ ọ́, ó sì ń pè ọ́ lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún un, kí o sì gbà á. Lẹ́yìn náà, bí ìyá rẹ bá ṣì mọ ohùn rẹ, dìde, kí o pè é kí ilẹ̀ òní tó ṣú.