Ẹsẹ̀ Dìran

"Ta ló fẹ́ fowó ra ẹkún?" Ọ̀gá Bándélé, tí Jọmílójú ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn àdìrẹ màmá àgbà rẹ̀ fún, ju aṣọ náà sórí tábìlì. "Jọmílójú, sọ ọ́ di aṣọ ayaba. Bó bá tà, ìwọ ni olórí ẹ̀ka ìpolówó."

Ẹsẹ̀ ọmọdé kéékèèké ló kún ara aṣọ náà. Màmá Ojúọlá, ìyá tó bí ìyá Jọmílójú, ló fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún yà wọ́n lọ́dún tí odò Ògùn gbé Dìran, àkọ́bí rẹ̀, lọ. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Nílé wọn, a kì í dárúkọ ọmọ tó kú létí àwọn àbúrò rẹ̀. Jọmílójú nìkan ni Màmá sọ ọ́ fún, nítorí ìwé tó ń kọ nípa àwọn aláró Abẹ́òkúta.

Ìpolówó ọjà ni iṣẹ́ Jọmílójú n'Íbarà. Bó bá délé, á kọ ìtàn ìlú, á tún kọ àròsọ. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ṣùgbọ́n ipò wọ̀ ọ́ lójú. "Ṣebí àròsọ náà ni mò ń kọ nílé," ló sọ fún ara rẹ̀. Ló bá kọ ọ́ pé ayaba kan ló jó yí Olúmọ ká, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n yà sáṣọ. Aṣọ "Ẹsẹ̀ Ayaba" tà wàràwàrà, Jọmílójú sì di olórí. Iṣẹ́ wá pọ̀ débi pé ìwé náà kò kúrò lójú kan.

Lọ́jọ́ kan, Màmá ránṣẹ́ pè é.

"Jọmí, mo ní ẹsẹ̀ ọmọdé ni, oníbàárà kan ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ní ayaba ló ni ẹsẹ̀ yẹn. Dìran ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Á wà nínú ìwé mi."

"Nígbà wo?"

Fóònù dún. Ọ̀gá ni. Jọmílójú gbé e, ó sì jáde síta.

Màmá kú kí ọyẹ́ tó dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bùọ̀dá Túbọ̀sún, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀: Màmá tó ń ya Ẹsẹ̀ Ayaba. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ojú ti Jọmílójú dọ́kàn.

"Bùọ̀dá, irọ́ lẹ kà," ló sọ nígbà tí wọ́n jáde. "Ẹ̀gbọ́n yín tódò gbé lọ ló ni ẹsẹ̀ yẹn. Dìran lorúkọ rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi wo? Èmi ò mọ Dìran kankan. Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ti ayaba?"

Jọmílójú parí ìwé náà níkẹyìn. Àwọn tó kà á yìn ín gan-an. Wọ́n ní nínú gbogbo rẹ̀, ìtàn Dìran ni àròsọ tó dùn jù.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbójú lé e. Òótọ́ bá irọ́ Jọmílójú o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́. Ẹ ṣe iṣẹ́ méjì bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má fi òótọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ ta ọjà. Ẹni tó lè jẹ́rìí sí i ti sùn.