Èémí Ọgbà Òkè-Ìrólé

Ọkọ̀ ojú irin tó gbé Fadérera kúrò ní Òkè-Ìrólé kò tíì rìn jìnnà rárá tí èémí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Morádékẹ́, ìyá àgbà rẹ̀, ló ń sìn ín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó gbà á wọlé ní ìlú kejì. Màmá àgbà kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ló ń mú un mí gúlegúle. Ìgbà tí ètè ọmọ náà dúdú ló tó kígbe pé kí wọ́n dá àwọn padà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ àdúgbò ni ara rẹ̀ ń balẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbé e dé abẹ́ àwọn igi ọgbà, ó jókòó, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

Ayé ìgbà tí à ń sọ yìí gbóná kọjá ohun tí ẹni òde òní lè fọkàn rò. Ní ọ̀sán, ooru a máa pa ọmọ ọwọ́ lórí ẹní. Kí wọ́n tó bí Fadérera, gbogbo ilé Òkè-Ìrólé ti di alájà, wọ́n há mọ́ra gádígádí, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù sì jẹ́ ààtàn ńlá tí gbogbo ìlú ń da pàǹtí sí. Morádékẹ́ ni alága ẹgbẹ́ onílé nígbà náà. Olùkọ́ ni, kò sì fẹ́ràn kí ènìyàn sọ fún òun pé nǹkan kò ṣeé ṣe. Ó yọ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́nu títí wọ́n fi yọ̀ǹda ilẹ̀ ààtàn náà, ó sì wá ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ìbòòji rí.

Ilé-iṣẹ́ yìí ló ṣẹ̀dá igi amúlétutù. Igi náà a máa fa ooru mu bí ẹni mu omi, a sì máa tú èéfín tútù kan jáde tí ojú kò lè rí. Wọ́n pín iṣẹ́ náà: ìjọba yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò mú igi àti ẹ̀rọ atọ́jú-igi wá, àwọn ará àdúgbò yóò kó pàǹtí kúrò. Ó wá ku ohun kan. Igi náà kò lè hù nínú ilẹ̀ tó ti kú bẹ́ẹ̀ àfi tó bá rí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó tutù yọ̀yọ̀ fi kọ́ àbùdá àwọn tí yóò máa tù lára. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n máa ri ibi ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan sí ìdí igi kan.

Bàbá Gbádégẹṣin, tó dàgbà jù nínú ìpàdé, dìde, ó ní òun kò fara mọ́ ọn. Ó ní ilé baba ọmọ ni wọ́n ń ri ibi rẹ̀ sí, wọn kì í gbé e fún ẹni tí wọn kò mọ orírun rẹ̀. Morádékẹ́ fi í rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ènìyàn. Ó bi í pé ẹ̀yìnkùlé wo ló kù nínú ilé alájà, ṣebí wọ́n gbin igi àgbọn lé ibi ti bàbá náà gan-an lórí? Ó ní àṣà wa náà nìyí, ẹ̀yìnkùlé ló kàn fẹ̀ sí i. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ibi Fadérera ni wọ́n kọ́kọ́ rì, Morádékẹ́ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀.

Ká má purọ́, ọgbà náà dára. Koríko hù, àwọn àgbà ń ta ayò lọ́sàn-án gangan, ọmọ ọwọ́ kan kò kú mọ́, òbí kankan kò sì gbé ọmọ jáde sínú ooru ìta mọ́. Inú Morádékẹ́ a máa dùn tí wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Ọgbà.

Nígbà tí ìrìn-àjò kejì náà já sí asán, Ọ̀mọ̀wé Ìlúfóyè, olórí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ìbòòji, gbé ẹ̀rọ awonú lé àyà Fadérera, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe Morádékẹ́ sí kọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé èéfín igi ti bá ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà dàgbà, àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀kan. Kò lè mí níbi tí igi náà kò bá sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ rí.

"Ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Morádékẹ́ bi í.

"A fura, Màmá. Àmọ́ ẹ rántí iye òkú ọmọ tí ẹ ń gbé nígbà yẹn."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ká ní mo sọ, ṣé ẹ ò ní í gbà?"

Morádékẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n hú igi Fadérera, kí wọ́n gbìn ín sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀mọ̀wé mi orí. Gbòǹgbò gbogbo igi náà ti so pọ̀, tí wọ́n bá hú ọ̀kan, gbogbo wọn ni yóò kú, àwọn ọmọ yóò sì bá wọn lọ. Kìkì ọmọ tí kò tíì máa rìn nìkan ni ọ̀nà ṣì là fún. Tí wọ́n bá tètè gbé e jáde kúrò ní àdúgbò, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ yóò kọ́ afẹ́fẹ́ ìta. Ooru yóò fìyà jẹ ẹ́, ó sì lè pa á, àmọ́ tó bá yè é, ibi tó bá wù ú ni yóò lè lọ láyé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morádékẹ́ pe ìpàdé, ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta. Ó ń retí pé kí Bàbá Gbádégẹṣin bú òun. Bàbá náà kàn ń wo ọmọ-ọmọ tirẹ̀ tó ń ṣeré lórí koríko, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyẹn dun Morádékẹ́ ju èébú lọ.

Nílé, Fadérera bi í pé, "Màmá àgbà, ta ló gbé tèmi fún wọn?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà dìde, ó jáde.

Wàyí o, Fadérera ní àbúrò kan, Àyìnlá, tí kò tíì ju ẹni tó ń rákò lọ. Ọládoyin, ìyá wọn, fi igbe bọnu pé òun kò ní í fi ọmọ kan sílẹ̀ nítorí èkejì, pé kí gbogbo wọn dúró pọ̀, ibi tí ilẹ̀ bá mọ́ bá wọn kí wọ́n wà níbẹ̀. Ó ti pinnu, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fadérera fúnra rẹ̀ ló di ẹrù àbúrò rẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òróró pa á lára, ó sì gbé e pọ̀n sẹ́yìn ìyá wọn láìtọrọ àyè, ó so ọ̀já náà le dan-in dan-in. Ọládoyin ń sunkún, àmọ́ kò tú ọ̀já náà.

"Ẹ má jẹ́ kó wá wò mí o, Màmi," ni Fadérera wí. "Kódà tó bá ń sunkún mi. Àfi tó bá dàgbà tán."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá tó pọn ọmọ lọ kò mọ ní ẹyọ kan ní Òkè-Ìrólé. Morádékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí kò fi rí ẹ̀yìn Ọládoyin, ọmọ rẹ̀, mọ́. Atẹ́gùn ọgbà ń fẹ́ lù ú lára, ó tutù, ó dára, Morádékẹ́ sì kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ yíjú padà kó tọrọ àforíjì, kó tiẹ̀ kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ Fadérera ti wọlé. Ó ń da omi tó fi wẹ Àyìnlá nù, omi náà kò sì tíì tutù.