Mi Ò Mọ̀ Ọ́n

"Ta ni baba tó ń ṣe bí ẹni ń ka àtẹ̀gùn yẹn?"

Aláwàdà kíláàsì ló béèrè, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá rí olùkọ́ ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán nítorí àwọ̀ rẹ̀ yọjú wo ìsàlẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá rẹ̀ ni, káfíńtà, tòun ti ìyẹ̀fun pákó léjìká. Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ àyà, òógùn sì bò ó.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Ó yẹ kí Adúmáadán sáré sọ̀kalẹ̀. Ó mọ̀ pé dókítà ti ní kí bàbá òun máa sinmi bí àyà bá ti ń fún un. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ ọ́n o." Ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bàbá gbójú sókè, ó wò ó fìrí. Ló bá gbọ́wọ́ kúrò láyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn kíákíá bí ọ̀dọ́kùnrin. Kò dé òkè tó fi ṣubú.

"Yéè, bàbá mi!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ilẹ̀ ni Aláwàdà ń wò.

Nílé ìwòsàn, dókítà mú Adúmáadán jókòó. "Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ fún ọkàn bàbá rẹ ti há, ọ̀rá ló dí wọn. Bó bá ń gun òkè, ọkàn á fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i, kò sì ní rí i tó. Ká ní ó jókòó, tó sì fi oògùn rẹ̀ sábẹ́ ahọ́n ni, bóyá kì bá tí ṣubú. Inú àpò rẹ̀ la ti bá a."

Adúmáadán ò béèrè ìdí tí kò fi lò ó. Ó mọ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò lè wojú bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, Bàbá mi."

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi náà ò gbọ́n. Odindi àgbàlagbà, oògùn wà lápò, mò ń ṣe bí ọ̀dọ́kùnrin!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí ò jẹ́. Ni ọmọ bá bú sẹ́kún.

Orí kó bàbá yọ. Ó pa sìgá tó ń mu tẹ́lẹ̀ tì, ó dín iyọ̀ àti ọ̀rá kù, kì í sì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Lálaalẹ́, òun àti ọmọ rẹ̀ á jọ rìn díẹ̀ ládùúgbò. Síbẹ̀, ara Adúmáadán ṣì máa ń bù máṣọ bó bá rántí ẹ̀rín ọjọ́ náà. Ó ti wá yé e pé kò sóhun ìtìjú nínú kí ara èèyàn má yá. Sísẹ́ tó sẹ́ bàbá rẹ̀ torí ẹnu ọ̀rẹ́ ló yẹ kó tì í lójú.